Ìyàwó Alákàá àti Àká Tí Kò Wó Bọ̀rọ̀

Kó tó rí ilé ọkọ rẹ̀ rárá, àká ló kọ́kọ́ rí. Ó jókòó síwájú ọkọ̀ akẹ́rù, àpótí aṣọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, wọ́n yí ẹsẹ̀ òkè kékeré kan ká, òrùlé gàgàrà kan sì yọ láàárín pápá, ó dúró bí ẹni pé òun ló ni gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká.

"Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì yín nìyẹn?" ló bi ọkọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín débi pé ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sí kòtò. "Àká bàbá bàbá mi nìyẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilé wa wà. O ò lè rí i láti ibí."

Ọmọ télọ̀ ni obìnrin yìí. Àárín ìgboro ni wọ́n bí i sí, nínú yàrá tó kún fún àgékù aṣọ àti ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ. Màálù tó mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n yà sára páálí wàrà lọ. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ò mọ oko, kò mọ ilé. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún wàrà, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ìdì koríko sẹ́yìn láì jẹ́ kí ìbàdí yẹ̀, ó sì bí ọmọbìnrin kan. Àwọn ará àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀ ní Alákàá, òun náà wá di Ìyàwó Alákàá. Orúkọ yẹn mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

Àká náà kì í ṣe ẹgbẹ́ àká. Òpó rẹ̀ kan ṣoṣo, èèyàn méjì ló ń fi apá ká a. Ìṣó kan ò sí nínú egungun rẹ̀: ńṣe ni wọ́n lu igi ní ihò, wọ́n fi èèkàn igi há a pọ̀, wọ́n sì fi òòlù gbá a títí gbogbo rẹ̀ fi di ara kan náà. Pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bo òrùlé, wọ́n tò wọ́n léra bí ìpẹ́ ẹja. Ìsàlẹ̀ ni màálù ń sùn. Orí àjà lókè ni oúnjẹ wọn ń wà, àgbàdo àti koríko gbígbẹ tí wọn óò jẹ nígbà tí pápá bá gbẹ. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan á rí òòrùn tó ń gba àárín pákó wọlé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, eruku koríko á máa jó nínú rẹ̀.

Ó rẹwà. Kò sẹ́ni tó lè purọ́ pé kò rẹwà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ kò kéré. Bí ilẹ̀kùn ò bá já, àkàbà á kán. Bí àkàbà bá dáa, ilẹ̀ àjà á lu. Owó wàrà ò tíì délé tán tí àká á ti nawọ́.

"Ṣé ẹ rò pé èmi ni ìyàwó àkọ́fẹ́?" ló máa ń sọ fáwọn obìnrin àdúgbò. "Ìyáálé mi ló wà níta yẹn. Bó bá jẹun yó tán, èyí tó bá ṣẹ́ kù sísàlẹ̀ ìkòkò ni wọ́n ń gbé fún mi."

Wọn á rẹ́rìn-ín. Alákàá náà á rẹ́rìn-ín.

Òrùlé ló pa ẹ̀rín náà. Pákó orí rẹ̀ ti gbó, òjò ń gba ibẹ̀ wọlé sórí koríko. Àwọn tó ṣì mọ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ kàn kò pọ̀ mọ́, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n ń pe owó tó lè ra ilé kékeré nígboro. Alákàá ní òun ò ní san irú owó bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó ní bàbá òun gun òrùlé náà, bàbá bàbá òun gùn ún, òun náà á gùn ún.

Ìyàwó rẹ̀ ló di àkàbà mú. Ó dúró nísàlẹ̀, ó gbójú sókè títí ọrùn fi ń ro ó.

"Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun!"

"Ó ku pákó kan péré."

Pákó kan yẹn náà ni. Ó gbọ́ ọ bó ṣe dún kẹ́ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná. Nígbà tó fi máa tún ojú wo òkè, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́, ihò ló kù. Alákàá kò já síta. Inú àká ló já sí, ó gba ẹ̀gbẹ́ àjà kọjá, ó balẹ̀ sáàárín àwọn màálù. Obìnrin náà sáré wọlé. Àwọn màálù ti há mọ́ ògiri, wọ́n ń wo ọkùnrin náà, ọkùnrin náà ń wo òkè, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Má gbé mi. Má tíì gbé mi. Mi ò mọ ẹsẹ̀ mi mọ́."

Egungun ẹ̀yìn ni. Dókítà sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí kò ní pẹ̀lẹ́ nínú: Alákàá kò ní rìn mọ́. Wọ́n gbé e padà wálé, wọ́n tẹ́ ibùsùn fún un ní yàrá ìsàlẹ̀. Ó ní kí wọ́n sún ibùsùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí òun lè máa rí àká. Ìyàwó rẹ̀ wo fèrèsé, ó wo ọkọ rẹ̀, ó gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì, ó sì sún ibùsùn.

Láti ìgbà náà, ọrùn rẹ̀ ni gbogbo ẹrù já lé. Á wẹ ọkọ, á yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ara rẹ̀ má baà dégbò, á fún wàrà, á kó ìgbẹ́ màálù, á gun àjà lọ gbé oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọmọbìnrin wọn wà ní ìlú tó jìn, ó ń fọ aṣọ ibùsùn nílé ìwòsàn kan. Ojoojúmọ́ ló ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màámi, ẹ ta gbogbo ẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Ta ló fẹ́ ra àká tó fẹ́ wó? Yàrá mélòó ni ìwọ náà ní?"

"Ẹyọ kan ni. A máa fún ara wa pọ̀ síbẹ̀."

"Bàbá rẹ ò ṣe é fún pọ̀, ọmọ mi. Ibùsùn rẹ̀ nìkan á gba yàrá náà tán, èmi àtìwọ á wá máa dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́dẹ."

Òjò ọdún yẹn kò mọ ìgbà tí wọ́n ń dákẹ́. Ihò tí Alákàá gbà já, wọ́n fi tapólì dí i, atẹ́gùn ya á. Koríko tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbóná, ó hu funfun, ó ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n ká sínú àpótí. Màálù kan jẹ nínú rẹ̀, inú rẹ̀ wú, ó kú. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le koko sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn ńlá àká kọ̀, kò pa dé mọ́. Obìnrin náà rò pé omi ló wú igi. Ó fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó wo àká dáadáa, ó sì rí i pé igun kan ti rì. Gbogbo àká náà fì sápá kan bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Ó ránṣẹ́ sí Bàbá Káfíńtà.

Arúgbó ni Bàbá Káfíńtà. Òun nìkan ló kù ní gbogbo agbègbè yẹn tó ṣì ń fi igi há igi láì lo ìṣó. Ó wọ inú àká, ó ń fi ìka kan òpó kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó dé igun tó rì, ó kúnlẹ̀, ó yọ irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan lápò, ó sì fi gún ìtì igi gbọọrọ tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, èyí tí gbogbo òpó apá ibẹ̀ dúró lé. Irin náà wọlé títí dé èèkù láì dún, bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ búrẹ́dì.

"Ìyàwó wa," ló wí, kò tíì dìde, "ta ló sọ fún yín pé òrùlé ni àìsàn rẹ̀?"

"Òrùlé ló ń jò, Bàbá."

"Ó dà bí arúgbó tó ń ké nítorí eyín, tó sì jẹ́ pé ọkàn ló fẹ́ pa á. Ìdí ti jẹrà. Ikán wọlé, omi tẹ̀lé ikán. Bí ẹ bá kan òrùlé tuntun lé e lórí báyìí, ẹni tó ń kú lọ lẹ̀ ń gbẹ́rù lé lórí."

"Kí wá ni ká ṣe?"

"Wọ́n á fi jáàkì gbé igun yìí sókè, díẹ̀díẹ̀, kó má baà ya. Wọ́n á gé èyí tó jẹrà kúrò, wọ́n á ki òmíràn bọ ibẹ̀. Irú igi yẹn náà ti di ọ̀wọ́n, kò sí nínú igbó tó súnmọ́ wa mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òpó. Lẹ́yìn òpó, òrùlé." Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún. "Bí wọ́n bá sì ṣí ibì kan, wọ́n á rí ibòmíràn. Mi ò ní tàn yín jẹ."

Ó dá iye lé e. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè fi ẹnu ṣe. Ká ta màálù, ká ta ilé, ká ta aṣọ ọrùn ẹni lé e, kò tó ìdajì.

Bàbá Káfíńtà kò gba owó ẹsẹ̀. Ó wá ìtì igi kan, ó gbé e dagẹ̀rẹ̀ ti igun tó rì náà láti ìta, ó gbá ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan èyí o. Ohun tó ń mú un dúró nìyí."

Ìyàwó Alákàá wọ bàtà tó fi ń lọ òde òkú, ó kọrí sígboro. Ní báńkì, wọ́n ní àwọn kì í gba àká tó ti gbó ṣe ìdúró fún ẹ̀yáwó. Níléeṣẹ́ adójútòfò, ọmọbìnrin kan tó kun èékánná rẹ̀ dáadáa sọ fún un pé kó kọ́kọ́ lọ tún àká ṣe, ìgbà náà làwọn á tó gbà á.

"Bí mo bá ti tún un ṣe tán, kí ni mo tún ń wá bọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

Ọmọbìnrin náà ro ó wò. Ó ní òótọ́ ni Màmá sọ, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ó wá ku iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ilé àtijọ́. Láyé bàbá ọkọ rẹ̀ ni ìjọba ti wá kan irin pẹlẹbẹ kan mọ́ àká lára pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Gbogbo ìdílé ló yọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n tiẹ̀ ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí irin náà á gbà lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ọ̀la. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, onígíláàsì, oníwà pẹ̀lẹ́. Ó fún un ní àga, ó bu omi fún un.

"Ọ̀gá, páànù ni mo fẹ́ fi bo orí rẹ̀. Páànù lásán. Kí n sì fi kọ́ńkéré di ìdí rẹ̀. Bí mo bá ta màálù, agbára mi lè ká ìyẹn."

"Màmá, òfin ò gbà á. Irú pákó tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ fi bò ó, irú igi kan náà nídìí rẹ̀."

"Ṣé ìjọba á bá mi rà á?"

"Kò sówó lápò wa. Èmi náà ti bẹ̀ wọ́n lókè títí, ó ti sú mi."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n wó o."

"Ẹ ò lè wó o, Màmá. Ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀."

Obìnrin náà gbé ife omi kalẹ̀. "Mi ò lágbára àtitún un ṣe bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, ẹ ò jẹ́ kí n tún un ṣe bí agbára mi ṣe mọ, ẹ ò sì jẹ́ kí n wó o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù tí mo lè ṣe?"

Ọkùnrin náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún. Ó nù ún títí. Obìnrin náà ní kí ó má bínú, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà sí ibùdókọ̀.

Ìgbà tí omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu tán báyìí ni oníṣòwò pákó dé. Ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ní ilé tí àwọn olówó ń kọ́ lòun ń ta igi àtijọ́ fún: wọ́n ń fi ṣe tábìlì, wọ́n ń fi bo ògiri yàrá ìgbàlejò. Ó wọ inú àká, ó ń fọwọ́ pa òpó lára bí ẹni tó ń pa ẹṣin lọ́rùn, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Iye tó dárúkọ tó láti gba ilé oníyàrá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn, kó tún ra kẹ̀kẹ́ tí Alákàá á máa jókòó sí.

Ìyàwó Alákàá sọ ọ̀rọ̀ òfin fún un. Ọkùnrin náà jáde, ó wo igi tí Bàbá Káfíńtà fi ti igun àká, ó wò ó pẹ́.

"Òfin ní kí ẹ má wó o," ló wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Kò sọ pé kò gbọ́dọ̀ wó fúnra rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá gbé e lulẹ̀, ta ló máa mú atẹ́gùn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá? Ẹ kàn pè mí ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú obìnrin náà bí ikán ṣe ń wọ igi, láì pariwo. Á wà nídìí màálù tó ń fún wàrà, á gbọ́ ọ. Á máa fi omi gbóná pa ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, á gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, bó bá kúnlẹ̀ àdúrà, atẹ́gùn ló ń tọrọ. Ó kó àwọn màálù kúrò nínú àká, ó so wọ́n sábẹ́ tapólì lẹ́yìn ilé. Alákàá béèrè ìdí, ó ní nítorí òórùn koríko tó bàjẹ́ ni. Alákàá wò ó, kò bi í ní ìkejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Ẹyẹ ò fò, ewé ò mì. Ìyàwó Alákàá gbé òòlù ńlá tí wọ́n fi ń gbá òpó ọgbà, ó lọ bá igi tó ti àká dúró. Ó gbá a nídìí. Kò yẹ̀. Gbogbo ìwúwo àká ti jókòó lé e, ó ti dà bí ohun tó hù níbẹ̀. Ó tún gbá a. Òjò bẹ̀rẹ̀, atẹ́gùn gbé aṣọ rẹ̀ bò ó lójú, ó ṣí i kúrò lójú, ó tún gbá a.

"Wó!" Ó ń sunkún, ó ń pariwo. "Kí ló dé tí o ò wó! O ti jẹ ẹsẹ̀ ọkọ mi, kí lo tún dúró fẹ́ jẹ? Èmi rèé, ó ku èmi!"

Ó mọ̀ pé bí igi yẹn bá yọ, orí òun náà ni àká á wó lé. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Kò torí rẹ̀ dẹwọ́. Ìyẹn ló wá ń dẹ́rù bà á lẹ́yìn náà, kì í ṣe òfin, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n.

Apá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ̀. Òòlù bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì rí ojú ọkọ rẹ̀ nínú fèrèsé.

Ó wọlé, omi ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀. Ó dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn.

"Ẹ rí mi."

"Mo rí ọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

Alákàá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Nígbà tí o kọ́kọ́ gbá a, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó yọ. Ìgbà tí mo wá rí ibi tí o dúró sí, mo fẹ́ ké, ohùn ò jáde. Ńṣe ni mo ń ya ẹnu lásán."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin náà fẹ́ kó wó?"

"O rò pé torí ìfẹ́ ni mo ṣe ní kí o sún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé? Mò ń ṣọ́ ọ ni, bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ̀tá. Bàbá bàbá mi kọ́ ọ, bàbá mi pa á mọ́. Mi ò fẹ́ kí aráyé sọ pé ọwọ́ mi ló wó sí. Torí ẹnu èèyàn ni mo ṣe gun òrùlé yẹn, ìyá ọmọ mi. Torí ẹnu èèyàn lásán."

Obìnrin náà jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú aṣọ tútù rẹ̀. Ó gbé orí lé àyà ọkọ rẹ̀, ó sunkún débi pé aṣọ ọkùnrin náà tutù ju tirẹ̀ lọ. Níta, atẹ́gùn ń jà, àká ń ké, igi tó tì í dúró gbọin.

"Ó tiẹ̀ tún lórí kunkun," ni Alákàá wí. Ẹ̀rín jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì láì rò ó tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín burúkú tó ń dun ìhà. Lẹ́yìn náà ni Alákàá ní, "Pe onígíláàsì yẹn. Má bá a ṣàròyé. Kó sáà wá dúró nínú rẹ̀."

Ó bẹ̀ ẹ́ tó ìgbà díẹ̀ kí ọkùnrin náà tó yọjú. Ọjọ́ tó wá, atẹ́gùn ń fẹ́, kò le púpọ̀. Ìyàwó Alákàá ṣáájú, ọkùnrin náà tẹ̀ lé e wọ inú àká, ó gbójú sókè, ó sì ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà yìí mà ga o. Atẹ́gùn gbá àká lẹ́gbẹ̀ẹ́. Igi kérora láti ìsàlẹ̀ dé òkè, eruku dà lé wọn lórí, èèkàn igi kan sì ta jáde lára òpó, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí ọkùnrin náà kọjá, ó dún gbà mọ́ ògiri.

Ọ̀gá sáré! Bàtà rẹ̀ kan kù sínú ìgbẹ́ màálù, kò wẹ̀yìn. Àárín pápá ló ti dúró, ó dọwọ́ bo etí. Obìnrin náà mú bàtà náà wá bá a.

"Màmá, ẹ fẹ́ pa mí."

"Ibẹ̀ ni mò ń wọ̀ tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́, ọ̀gá."

Ọkùnrin náà ń fi koríko nu bàtà. "Màá kọ ọ́ pé ewu ẹ̀mí ni. Ẹ tú ìdajì tó ti bàjẹ́ palẹ̀. Igi tó bá dára nínú rẹ̀, òun ni kí ẹ fi tún ìdajì kejì ṣe. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ lè tà á." Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. "Wọ́n á bú mi níbi iṣẹ́. Kí wọ́n máa bú mi."

Ìyàwó Alákàá ta gbogbo màálù láti fi yá jáàkì àti láti fi san owó àwọn alágbàṣe. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kọ̀, kò gun ọkọ̀. Ó dúró, ó ń wẹ̀yìn wo ilé. Obìnrin náà ló wá fọwọ́ ara rẹ̀ tì í nídìí gòkè. Kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àká láti orí wá sísàlẹ̀. Ojú rí màbo. Òpó tó dúró bí akọni lójú, bí wọ́n bá gé e, inú rẹ̀ á ṣófo, ikán ti jẹ ẹ́ tán, awọ ló kù. Oníṣòwò pákó wá, ó ń kan igi, igi ń dún pòpò bí àgbá òfìfo. Ó ra ìwọ̀nba díẹ̀, ó dín owó rẹ̀ kù, ó tún bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má bínú. Owó kẹ̀kẹ́ Alákàá wọ inú igi ìdí tuntun. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Káfíńtà tún kúnlẹ̀ nídìí ìdajì tí wọ́n pè ní èyí tó dára, ó gún un, ó tún gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

"Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀."

"Ó ti bẹ̀rẹ̀ níbí náà, ìyàwó wa. Ṣùgbọ́n kò tíì jinlẹ̀."

Obìnrin náà jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, láàárín eruku igi, kò lè dìde. Kò sunkún. Àwọn alágbàṣe rọra gbé irinṣẹ́ wọn, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ibojì kọjá.

Alákàá ló ní kí wọ́n gbé òun jáde. Wọ́n so àga mọ́ ọ̀pá méjì, wọ́n gbé e bọ́ sí àgbàlá, ìgbà àkọ́kọ́ tí òòrùn á kàn án lójú láti ìgbà tó ti ṣubú. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀bẹ àti àgékù igi tó dára. Ọwọ́ òun ò kú, ẹsẹ̀ ló kú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ èèkàn. Bàbá Káfíńtà gba àkọ́kọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó jù ú sínú iná.

"Ìka ọmọ ọwọ́ lèyí. Gbẹ́ òmíràn."

Èyí tó tẹ̀ lé e náà wọná. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, títí arúgbó náà fi gba ọ̀kan láì sọ nǹkan kan, tó gbá a sínú ihò, tó sì tún na ọwọ́ pé kó mú òmíràn wá.

Nígbà tí owó tán, iṣẹ́ dúró. Ìdajì àká ló dúró nílẹ̀, ó dúró ṣánṣán, ìdí rẹ̀ le, pákó àtijọ́ ni wọ́n fi dí ibi tí wọ́n ti gé e. Apá kan òrùlé rí pákó. Apá kejì, tapólì ni, wọ́n fi okùn fà á mọ́lẹ̀. Òjò mìíràn ò sì jìnnà mọ́. Ọmọbìnrin wọn gbàyè wá láti ìlú. Ó yí àká ká, ó wo ibi tí wọ́n ń so màálù sí, kò rí màálù, ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ti le bí awọ.

"Màámi, ẹ ò ní màálù mọ́, ẹ ò lówó mọ́, òrùlé ò sì tíì parí. Kí wá lẹ jèrè?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ sì ń ṣe é lọ?"

"Bí mo bá dúró báyìí, gbogbo èyí tí a ti ná ti jóná nìyẹn. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbà padà."

Ọmọbìnrin náà sunkún díẹ̀, ó sì lo gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ láti fi bá ìyá rẹ̀ gbé pákó.

Lẹ́yìn tó padà sẹ́nu iṣẹ́, aládùúgbò kan tó ní àgbàdo púpọ̀ wá béèrè bóyá òun lè yá ìsàlẹ̀ àká náà lò, òun á máa san nǹkan lóṣooṣù. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ti fi owó lọ̀ wọ́n láti ìgbà tí iṣẹ́ ti dúró. Ó fi ọkọ̀ kó àpò rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbójú sókè wo tapólì tó ń fì, ó wo àwọn òpó, kò tíì sọ àpò kankan kalẹ̀.

"Ẹ̀yin Ìyàwó Alákàá, ṣé kò ní wó báyìí?"

Obìnrin náà fẹ̀yìn ti òpó tó súnmọ́ ọn jù. Alákàá wà lórí àga rẹ̀ níta, ó ń gbẹ́ igi, ó dá ọwọ́ dúró láti gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ á sọ.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Ẹ gbé e wọlé."